Maldives: Ibi Tí Owó Ẹyọ Ti Wá

Láyé àwọn baba ńlá wa, ogójì owó ẹyọ ni a máa ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá kan. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, ẹrù tí ó tó alágbára ọkùnrin rù. Ẹni tí ó ń ná an ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé inú òkun ni ó ti wá, ṣùgbọ́n òkun wo? Kì í ṣe òkun Èkó. Ẹ̀dá omi tí ó ni ìkarahun yẹn kì í gbé ní etí òkun tiwa. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, inú Òkun Índíà ni wọ́n ti ń kó o wá, láti àwọn erékùṣù kéékèèké tí à ń pè ní Maldives, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Índíà àti Sri Lanka. Ibẹ̀ ni a fẹ́ mú ẹ̀yin òǹkàwé wa dé lónìí, nítorí pé orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ni, àti pé ohun tí ó ń bá a fínra báyìí kì í ṣe kékeré.

Nǹkan bí 1,200 ni àwọn erékùṣù náà. Àwọn tí ọmọ ìlú ń gbé kò tó 200. Láti ìkangun àríwá dé ìkangun gúúsù ju 800 kìlómítà lọ, síbẹ̀ bí a bá kó gbogbo ilẹ̀ wọn jọ, kò ju nǹkan bí 300 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá Ìpínlẹ̀ Èkó. Kò sí òkè níbẹ̀, kò sí odò tí ń ṣàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ náà kò ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ sí ojú òkun. Ọmọdé tí ó dúró ní etí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju ìlú rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé wọ́n fọ́n káàkiri láìlétò. Wọ́n tò yíká bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ọ̀sà tí ó pa rọ́rọ́ wà láàárín, ìbínú agbami sì wà lẹ́yìn òde. Atolu ni àwọn onílé ń pe irú òbìrípo bẹ́ẹ̀, láti ẹnu wọn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti mú ọ̀rọ̀ atoll tí gbogbo ayé ń lò. Ní 1842, Charles Darwin ṣàlàyé bí irú rẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀: òkè ayọnáyèéfín ni ó kọ́kọ́ yọrí láàárín òkun, bí òkè náà ṣe ń rì díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹ̀dá wínníwínní tí wọ́n rọ̀ mọ́ ara rẹ̀ ń mọ òkúta lé òkúta kí wọ́n má baà jìnnà sí oòrùn. Ìbátan iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn ni àwọn ẹ̀dá náà. Òkè ti rì tán, àpáta iyùn nìkan ni ó kù. Yanrìn funfun tí ó bo ilẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú, ara iyùn ni ó ti wá. Ẹja kan wà tí ó ń fi eyín họ àpáta náà jẹ, tí ó sì ń yà á ní yanrìn, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú yanrìn àwọn erékùṣù kan, ìgbẹ́ ẹja yìí ni. Nítorí náà, bí iyùn bá wà láàyè, ilẹ̀ wà. Bí iyùn bá kú, ojú ni a óò máa fi wo ilẹ̀.

Omi mímu náà jẹ́ àmì ọgbọ́n Ọlọ́hun. Òjò tí ó bá rọ̀ a wọ inú yanrìn, a sì léfòó sórí omi iyọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀, nítorí pé ó fúyẹ́ jù ú lọ. Ìpele tín-ín-rín yìí ni wọ́n ń gbẹ́ kànga sí láti àtayébáyé. Nígbà tí ènìyàn pọ̀ jù, àwọn kànga bàjẹ́. Lónìí, omi òjò inú táǹkì àti ẹ̀rọ tí ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun ni wọ́n gbójú lé. Ní oṣù Kejìlá 2014 tí ẹ̀rọ Malé, olú ìlú wọn, gbiná, òkun yí wọn ká lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ni ó ń fi ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú omi gbé omi mímu wá fún wọn.

Dhivehi ni èdè wọn, ó sì bá èdè Sinhala ti Sri Lanka tan. Ìkọ̀wé rẹ̀ dùn ún wò: láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń kọ ọ́ bíi Lárúbáwá, lẹ́tà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fà yọ láti ara òǹkà Lárúbáwá, láti ení dé ẹ̀sán.

Ọdún 1153 ni a ń kà sí ọdún tí ọba wọn gba Ìsìláàmù. Nígbà tí Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ńlá ọmọ Mòrókò, dé ibẹ̀ ní 1343, ìtàn tí wọ́n sọ fún un nìyí. Oṣooṣù ni iwin kan máa ń yọ láti inú òkun bí ọkọ̀ tí ó kún fún fìtílà. Wọn a ṣẹ́ gègé, wọn a mú wúńdíá kan lọ sí ilé òrìṣà ní etí omi; bí ilẹ̀ bá mọ́, òkú rẹ̀ ni wọn a bá. Ní oṣù kan, gègé mú ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá arúgbó kan bí. Àlejò kan wà nílùú, Abu al-Barakat, ọmọ Berber láti Maghrib, tí ó há Al-Kùránì sórí. Ó ní òun ni yóò lọ dípò ọmọ náà. Ó ṣe àlùwàlá, ó jókòó sí ilé òrìṣà náà, ó sì ń ké Al-Kùránì ṣúlẹ̀mọ́. Iwin náà dé, ó gbọ́ ọ, ó sì rì padà sínú omi. Kí oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó pé, ọba ti di Mùsùlùmí. Àwọn òpìtàn mìíràn ní Tabriz ní Páṣíà ni àlejò náà ti wá. Ibi yòówù kí ó jẹ́, Al-Kùránì ni ó gbé wá, kì í ṣe idà.

Wọ́n fi Ibn Battuta jẹ alùkáálì níbẹ̀, ó sì fẹ́ ìyàwó láti inú ìdílé àwọn ìjòyè. Obìnrin ni ó bá lórí ìtẹ́, Khadija. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ènìyàn náà jẹ́ olódodo àti olùfọkànsìn, ṣùgbọ́n gbogbo bí òun ṣe pàṣẹ tó pé kí àwọn obìnrin bo àyà wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́, àfi nínú ilé ẹjọ́ rẹ̀ nìkan. Kò ju ọdún kan lọ tí ó fi bá tirẹ̀ lọ.

Mọ́sálásí Jímọ̀ àtijọ́ ti Malé, tí wọ́n kọ́ parí ní 1658, wà níbẹ̀ títí di òní. Òkúta iyùn ni wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì tò bọ inú ara wọn. Orí ìpìlẹ̀ ilé òrìṣà àtijọ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí, kò sì dojú kọ Mẹ́kà tààrà. Igun ilé ni àwọn olùkírun máa ń kọjú sí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́. Owó ẹyọ ni a ó kọ́kọ́ mú. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń ṣà á. François Pyrard, ọmọ Faransé tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ sí ibẹ̀ ní 1602 tí ó sì gbé láàárín wọn fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n máa ń wọ omi dé ìbàdí lọ ṣà á, nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí òṣùpá bá ń ràn mọ́jú. Wọn a rì í mọ́lẹ̀ títí ẹran inú rẹ̀ yóò fi jẹrà dànù, wọn a sì fọ̀ ọ́. Ó rí ọgbọ̀n tàbí ogójì ọkọ̀ tí ó ń kó o lọ sí Bengal lọ́dún kan; ìrẹsì ni wọ́n ń gbà bọ̀. Ní ayé Ibn Battuta, 400,000 ẹyọ ni dínárì wúrà kan ń rà ní Maldives, nígbà mìíràn a tó 1,200,000. Nígbà tí ọkùnrin náà dé Mali àti Gao ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó bá ẹyọ kan náà lọ́jà: 1,150 fún dínárì kan.

Èrè tí ó wà láàárín iye méjèèjì yìí ni ó fa àwọn Òyìnbó wọ òwò náà. Àwọn Potogí, àwọn ará Holland àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì a kó o sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ọkọ̀ baà lè dúró re, wọn a tà á ní Amsterdam tàbí London, láti ibẹ̀ ni àwọn mìíràn yóò ti gbé e wá sí etí òkun wa. Ó wà lára ohun pàtàkì tí wọ́n fi ń ra ẹrú ní Ouidah, ní ilẹ̀ Dàhòmì. Obìnrin tí ó tẹ̀ ba nínú omi Maldives kò mọ èyí. Ìrẹsì ọmọ rẹ̀ ni ó ń wá. Ọmọ wa tí wọ́n fi ohun tí ó ṣà rà náà kò mọ̀ ọ́n. Ní àárín ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kó irú mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ wá láti Zanzibar. Ẹyọ pọ̀ yamùrá, iye rẹ̀ já, ọjà Maldives sì kú.

Ẹja kò kú ní tirẹ̀. Ẹja túnà, irú èyí tí ó ń bẹ nínú agolo, ni wọ́n ń pa jù, ìwọ̀ àti ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń pa á, lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àwọ̀n. Wọn a kọ́kọ́ kó ẹja wẹ́wẹ́ láàyè nínú ọ̀sà. Bí wọ́n bá rí ọ̀wọ́ túnà ní agbami, wọn a da ẹja wẹ́wẹ́ náà sí omi, wọn a máa wọ́n omi láti ìdí ọkọ̀ kí ojú òkun baà lè máa hó, àwọn ọkùnrin a sì máa fa túnà sókè lọ́tùn-ún lósì bí ẹni ń já àgbàdo. Wọn a sè é, wọn a fín in, wọn a sá a títí yóò fi le bí igi. Òun ni wọ́n ń tà fún Sri Lanka láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òun náà sì ni wọ́n ń pò mọ́ àgbọn fún oúnjẹ àárọ̀.

Ní 1972 ni ilé ìtura àkọ́kọ́ ṣí, ní erékùṣù Kurumba. Lónìí, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ni wọ́n ń bọ́ orílẹ̀-èdè náà jù. Ní 2024, wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì, nígbà tí gbogbo olùgbé orílẹ̀-èdè náà jẹ́ 515,132 nínú ìkànìyàn 2022, àlejò tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Báwo ni orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ sọ pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò lè jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ṣe ń gba àlejò tí ń mu ọtí? Wọ́n ya wọ́n sọ́tọ̀. Erékùṣù tí ènìyàn kò gbé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ilé ìtura sí, ọtí kò sì gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó mú kí owó ńlá máa wọ àpò ẹni díẹ̀. Láti nǹkan bí 2009 ni wọ́n ti ń jẹ́ kí àwọn ará ìlú fi ilé ara wọn gba àlejò, láìsí ọtí, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ìdílé di ọlọ́jà. Ní 2020 tí àrùn Kòrónà ti ẹnu ibodè pa fún oṣù mélòó kan, gbogbo wọn rí bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi dúró ṣe rí.

Àlejò kì í wá wo ìlú. Iyùn àti omi ni ó ń wá wò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja wẹ́wẹ́ tí a fi ń pa túnà ṣe ń gbé inú iyùn. Ní 1998, omi òkun gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, iyùn tí ó pọ̀ jù ní ibi tí omi kò jìn funfun báláú, ó sì kú. Ó ń padà yọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ooru ọdún 2016 tún kọlù ú.

Omi òkun alára náà ń ga. Ní 1987, ìgbì bo Malé. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ààrẹ Maumoon Abdul Gayoom dúró níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti sọ ewu tí ó ń bọ̀. Àlùfáà tí ó kàwé ní Al-Azhar ni, ó sì ti ṣe olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ní Nàìjíríà tiwa, láti 1969 sí 1971. Ìjọba Jàpáánì bá wọn mọ odi yí Malé ká. Ní 2009, Ààrẹ Mohamed Nasheed àti àwọn mínísítà rẹ̀ wọ aṣọ arìwẹ̀, wọ́n ṣe ìpàdé ní ìsàlẹ̀ omi kí ayé lè rí wọn. Ìlú Hulhumalé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi yanrìn ọ̀sà kún láti 1997, ga sí ojú òkun ní nǹkan bí mítà méjì, àwọn ọ̀dọ́ láti àwọn erékùṣù jíjìnnà sì ń rọ́ wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n yanrìn tí a ń wà láti kọ́ ilẹ̀ tuntun ń bo iyùn tí ó wà nítòsí mọ́lẹ̀, iyùn náà ni ó sì ń gba ìgbì mọ́ra fún ilẹ̀ àtijọ́. Lójú tiwa, ó jọ ẹni tí ń yọ òpó ilé rẹ̀ fi kọ́ àgbàlá.

Ní 26 oṣù Kejìlá 2004, ìgbì ńlá tí ilẹ̀ ríru Indonesia fà dé ibẹ̀. Ó pa ènìyàn tí ó lé ní 80, ó sì fi iyọ̀ ba kànga jẹ́. Ìlú Kandholhudhoo kò ṣeé gbé mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ibẹ̀ gbé inú àgọ́ àti ilé àtọwọ́dá lórí erékùṣù oníkálukú títí di ìparí 2008, nígbà tí wọ́n kó wọn lọ sí Dhuvaafaru, erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò gbé tẹ́lẹ̀, láti tún ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti mọ́sálásí bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ìdí ẹja pípa ni wọ́n ṣì wà níbẹ̀.