Egbò Ojú Ara: Ẹ Rí Dókítà Kí Ẹ Tó Dájọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé àrùn tí ń ṣe ogójì ni ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ohun tí ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hápíìsì rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bí 520 mílíọ̀nù ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni ó ní irú kejì fáírọ́ọ̀sì yìí, èyí tí ó sábà máa ń mú ojú ara.

Níhìn-ín ní Àbújá, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni iṣẹ́ mú wá sí Nyanya, Kubwa tàbí Lugbe, tí aya tàbí ọkọ wọn sì wà ní Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Adó-Èkìtì. Bí egbò bá ṣàdédé yọ sí ẹnì kan lójú ara, àgbèrè ni ẹnì kejì máa ń kọ́kọ́ rò. Àwọn mìíràn a pè é ní mágùn, àwọn mìíràn a ní ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n ti kó o.

Kí ni òtítọ́ ibẹ̀? Ara kíkàn ni àrùn yìí fi ń ràn, pàápàá nígbà ìbálòpọ̀. A kì í kó o lórí àga ilé ìyàgbẹ́. Láàárín ọjọ́ 2 sí 12, ìléròró wẹ́wẹ́ lè yọ, kí ó bẹ́, kí ó di egbò tí ń ta ni. Ibà lè dé, kókó lè wú ní kòtò itan, ìtọ̀ sì lè máa ta ni. Bí egbò náà bá san, fáírọ́ọ̀sì náà a sá pamọ́ sínú iṣan, bí iná abẹ́ eérú, a sì tún lè rú jáde.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò rí àmì kankan fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì lè kó o ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, egbò tí ó yọ lónìí kò fi hàn pé àná ni wọ́n kó o. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pàápàá kò lè sọ ọjọ́ náà.

Kò sí oògùn tí ń lé e kúrò lára pátápátá, ṣùgbọ́n Acyclovir máa ń dín ọjọ́ rẹ̀ kù bí a bá tètè lò ó. Ẹni tí ó ń padà sí lára lemọ́lemọ́ lè máa lò ó lójoojúmọ́, bí dókítà bá pàṣẹ. Ampiclox tí a rà ní kẹ́míìsì kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ má sì da Izal tàbí àgbo sí ojú egbò. Egbò tí kò dun ni lè jẹ́ rẹ́kórẹ́kó, èyí tí abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì ń wò sàn. Dókítà ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí egbò ṣì tutù ni kí ẹ lọ, ìbáà ṣe ilé ìwòsàn ìjọba ní Wuse tàbí ilé ìwòsàn Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kòkòrò Éèdì pẹ̀lú, nítorí hápíìsì ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Láti ìgbà tí ara bá ti ń yún ni títí egbò yóò fi gbẹ, ẹ yẹra fún ìbálòpọ̀. Nígbà mìíràn, kọ́ńdọ́ọ̀mù ń dín ewu kù, bí kò tilẹ̀ mú un kúrò tán. Kí aláboyún má ṣe fi í pa mọ́ fún àwọn agbẹ̀bí, nítorí ó lè ṣe ọmọ tuntun ní jàǹbá ńlá.

Ẹ̀yin ará wa, kí tọkọtaya jọ lọ bá dókítà. Ẹjọ́ tí a dá nínú ìbínú lè tú ilé tí egbò kò lè tú.