Igbó: Orúkọ Kan, Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Rótìmí Akérédolú, tó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, wọ bàálù lọ sí Thailand. Ọ̀gá àgbà ìgbà yẹn ní NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti òògùn olóró, Muhammad Mustapha Abdallah, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó tí wọ́n sì ń fi ṣe òògùn. Ariwo sọ nílé. Àwọn kan ní gómìnà fẹ́ sọ ọmọ wọn di amugbó, àwọn mìíràn ní owó ń pè wá, a kọ̀, a ò jẹ́. Akérédolú ti dolóògbé láti oṣù Kejìlá ọdún 2023, àríyànjiyàn náà ò sì tíì parí. Lójú tèmi, ohun tó dì í mú ni pé orúkọ kan ṣoṣo la fi ń pe nǹkan mẹ́ta: òògùn tí dókítà ń kọ fún aláìsàn, irè oko tí àgbẹ̀ fẹ́ tà, àti èyí tí wọ́n ń wé sínú bébà Rizla lẹ́yìn gáréèjì. Bí ẹnì kan bá ń sọ ti àkọ́kọ́, ti ìkẹta ni wọ́n máa fi dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká ti ara ewé náà bẹ̀rẹ̀. Lára òdòdó abo igbó, irun tíntìntín kan wà tí oje máa ń yọ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò pa á yóò rí i pé ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje igi. Inú oje yẹn ni agbára igbó wà. Èròjà tó wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n méjì ni ìjà dá lé. THC ló ń pa ènìyàn bí ọtí: òun ló ń pọ́n ojú, tó ń fa ebi òjijì, tó ń mú kí ìṣẹ́jú márùn-ún gùn bíi wákàtí kan. CBD kì í pa ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ní 1964, Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Ísírẹ́lì, ya THC sọ́tọ̀ pátápátá. Ní 1992, ọ̀dọ̀ Mechoulam kan náà ni wọ́n ti rí i pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń pèsè èròjà kan, anandamide, tó ń ṣiṣẹ́ tó jọ ti THC. Ìdí nìyẹn tí èéfín igbó kì í fi í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé: kọ́kọ́rọ́ tó jọ tiwa ló mú lọ́wọ́. Àwọn ilẹ̀kùn yìí pọ̀ níbi tí ọpọlọ ti ń darí ìrántí, ìrora, ebi àti ìbẹ̀rù. Bó ṣe ń mú ìrora rọlẹ̀ lára ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ náà ló lè kó ìpayà bá ẹlòmíràn, tí yóò máa gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀.

Kí wá ni òògùn nínú rẹ̀? Epidiolex ni àpẹẹrẹ tó yé mi jù. Òróró CBD ni, nínú ìgò, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2018 fún oríṣi wárápá líle méjì tó ń bá àwọn ọmọdé jà, èyí tí òògùn mìíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn. Ìyá ọmọ á ki síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ bọ inú ìgò, á fa iye tí dókítà ṣírò gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ṣe wúwo tó, á rọra tú u sí i lẹ́nu, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní ilé-ìwòsàn, wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí iná, kò sí èéfín, ọmọ ò sì ní yó. Ìgò tòní àti ìgò ọdún tó ń bọ̀, ohun kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni igbó ìkóríta ò ní, nítorí ẹni tó ń tà á ò mọ iye THC tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń rà á ò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹni tó ní òun ń fa igbó nítorí ẹ̀yìn tó ń dun òun lè má purọ́, ṣùgbọ́n òògùn kọ́ ló ń lò.

Òfin tiwa le. Ní 1966, ìjọba ológun ní ẹni tó bá gbin igbó, ikú ni tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ó kéré tán. Ní 1975 wọ́n yọ ikú kúrò níbẹ̀. Òfin tó gbé NDLEA kalẹ̀ ní 1989 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 ni ti ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ tàbí tó ń lò ó. Ọ̀pọ̀ adájọ́ kì í dá a tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé lórí òògùn olóró, àti ìjọba Nàìjíríà jọ ṣe fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ló lo igbó láàárín ọdún kan, ní 2017. Ẹ̀wọ̀n wo ló fẹ́ gba gbogbo wọn?

Nínú aginjù Oǹdó, wọ́n ń gbìn ín sáàárín igbó ọba, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ò dé. Kòkó tí a bá gbìn lónìí, ó di bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Igbó, oṣù díẹ̀ péré ni. Bí NDLEA bá dé, wọ́n á gé e lulẹ̀, wọ́n á dáná sun ún. Ó wá jọ pé bí òfin bá gbà á láyè, àgbẹ̀ yìí ló máa jèrè. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lesotho ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó fún àwọn ènìyàn ní ìwé àṣẹ láti gbìn ín fún òògùn, ní 2017. Ìwé àṣẹ náà wọ́n gógó, ilé-iṣẹ́ olówó ló sì rà á. Àwọn àgbẹ̀ orí òkè tó ti ń gbìn ín láti ayé bàbá ńlá wọn wà níta ọgbà. Igbó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe òògùn nílò ọgbà tó ní odi, kámẹ́rà, àti yàrá àyẹ̀wò. Ta ló ní i nínú àwọn àgbẹ̀ Oǹdó? Àfi tí òfin bá ya ìpín sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, kí wọ́n lè jọ dá owó lé e.

Ó ku ti fàájì. Thailand tí gómìnà lọ wò yẹn, wọ́n gbà á fún òògùn ní 2018. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára òògùn olóró láìtíì ní òfin tó máa darí títà rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù igbó hù káàkiri Bangkok. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba pàṣẹ pé àìsí ìwé dókítà, kò sí títà. Kánádà tẹ̀lé ọ̀nà mìíràn ní 2018: orí páálí ni wọ́n ń kọ iye THC sí, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò fún òògùn kòkòrò. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, àwọn ọmọdé tó jẹ súìtì tí THC wà nínú rẹ̀, tí wọ́n rò pé súìtì lásán ni, ti dèrò ilé-ìwòsàn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé igbó òde òní ti lágbára ju ti àtijọ́ lọ. Èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní 1995, THC inú rẹ̀ jẹ́ bíi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún; nígbà tó di 2014, ó ti di bíi ìdá 12. Ìwádìí tí Marta Di Forti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's College London gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ewu àrùn ọpọlọ fún ẹni tó ń fa èyí tó lágbára lójoojúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kì í fa á rárá. Tiwa náà kì í ṣe tuntun: láti 1964 ni Dókítà Tolani Asuni ti ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ Aro, Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé lórí igbó àti àrùn ọpọlọ ní Nàìjíríà. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tàn yín: "Colorado" tí àwọn ọ̀dọ́ ń fa, igbó kọ́. Ewé lásán ni, tí wọ́n fi kẹ́míkà àtọwọ́dá rin.

Bí wọ́n bá ní kí n dìbò, bí mo ṣe máa dì í nìyí. Ti òróró inú ìgò, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ kíá, lábẹ́ NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso òògùn, àti dókítà. Ti ọmọ tí wọ́n ká igbó wíwé kan mọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú, kí wọ́n má jù ú sẹ́wọ̀n láàárín àwọn adigunjalè. Ti ṣọ́ọ̀bù ní ìkóríta, mi ò ní fọwọ́ sí i lónìí, nítorí ìjọba tí kò tíì lè yọ ayédèrú òògùn ibà kúrò lọ́jà, n ò mọ bó ṣe fẹ́ máa ka iye THC tó wà nínú súìtì.