Eégbọn Kì Í Ṣe Ọ̀ràn Ajá Nìkan

Ó yà wá lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fojú tín-ínrín eégbọn. Ní ọdún 1964 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí kòkòrò àrùn kan lára eégbọn màlúù ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Dùgbẹ̀, oyè tí ọmọ Ìbàdàn kankan kò tọrọ. Ibà tirẹ̀ kò le púpọ̀. Èyí tí ó ń já wa láyà ni ibà Crimean-Congo, tí à ń kó lára eégbọn àti nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bí ibà lásán ni í ṣe ń bẹ̀rẹ̀, orí fífọ́ àti ara ríro. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ. Ó lè pa tó 40 nínú 100 tí ó bá mú.

Ẹ̀yin alápatà àti oníṣòwò màlúù, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ yẹ abíyá àti abẹ́ itan wò bí ẹ bá ti kúrò nídìí ẹran. Bí eégbọn bá lẹ̀ mọ́ yín lára, ẹ má ṣe fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ má sì da kẹrosíìnì lé e. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú níbi tí ó ti kan awọ, kí ẹ rọra fà á jáde tààrà. Bí ibà bá sì dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tètè sọ fún dókítà pé eégbọn bù yín jẹ. Bí ẹ kò bá wí, ibà ẹ̀fọn ni yóò kọ́kọ́ rò.