Ọdẹ Amẹ́ríkà Gun Kẹ̀kẹ́ Oníbátìrì, Ọ̀rọ̀ Di Ti Òfin

Ẹni tó bá mọṣẹ́ ọdẹ mọ̀ pé ẹran pípa nìkan kọ́ ni wàhálà, àtigbé e délé ló le jù. Lórí àwọn òkè tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹran kan wà tó ń jẹ́ elk. Ó jọ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ lè wúwo tó 300 kílò. Bí ọdẹ ò bá tètè gbé e jáde, tí oòrùn bá mú, ẹran ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìdí rèé tí àwọn kan fi ń ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì. Táyà rẹ̀ fẹ̀, wọ́n á so ọmọlanke kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n á kó ẹran tí wọ́n ti kun sí i. Kò ní éfín, kì í pariwo bí alùpùpù.

Ṣùgbọ́n ṣé kẹ̀kẹ́ ni àbí alùpùpù? Ní 2019, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n kà á sí kẹ̀kẹ́. Àwọn tó ń ṣọ́ igbó ọba ní tàwọn kà á sí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Inú aginjù tí òfin 1964 dáàbò bò ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ lásán gan-an ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́!

Ọdẹ tí kò bá kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni igbó lè sanwó ìtanràn. Àwọn mìíràn sì ń bi í pé: bí kẹ̀kẹ́ bá ti dé gbogbo kọ̀rọ̀, níbo lẹran máa sá sí? Ẹ̀yin ọdẹ ilé, kí lẹ rí sí i?