Ètò Àwọn Ẹ̀lẹ́kítírọ́nì Nínú Òkúta Òòfà

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé ohun tí ó bá gba iná mànàmáná láyè lónìí yóò gbà á láyè nígbà gbogbo. A fẹ́ fi òkúta kan hàn yín tí ó tako èrò yìí. Òkúta òòfà ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní magnetite. Kò jìnnà sí wa, nítorí ó wà nínú òkúta irin Itakpe ní ìpínlẹ̀ Kogi.

Irin àti ọ́síjìn ni ó para pọ̀ di òkúta yìí, àwọn átọ́ọ̀mù wọn sì tò lẹ́sẹẹsẹ bí ebè inú oko. Ní ọ̀wọ́ àyè kan nínú rẹ̀, ìdajì àwọn átọ́ọ̀mù irin ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nì kan ju ìdajì kejì lọ. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nì tí ó lé yìí ni ó ń gbé agbára iná kiri.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí a ti ń mọ ilé ní Ìkirè àti Àpòmù láyé àtijọ́. Àwọn tí ó wá sí ọ̀wẹ̀ a tò láti ibi kòtò amọ̀ dé ìdí ògiri. Ẹni tí ó ní ìṣù amọ̀ lọ́wọ́ a sọ ọ́ sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Kò sí ẹni tí ó kúrò ní ipò rẹ̀, síbẹ̀ amọ̀ ń lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni átọ́ọ̀mù irin dúró, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì sì ń fò láti orí ọ̀kan sí èkejì.

Ní ọdún 1939, Evert Verwey, onímọ̀ ará Holland, kọ̀wé nípa ohun ìyanu kan. Bí òkúta yìí bá tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 153 nísàlẹ̀ òdo ti Celsius, agbára rẹ̀ láti gbé iná kọjá a já wálẹ̀ lójijì, yóò sì ṣẹ́ kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú 100. Kì í ṣe pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nì sọnù. Ooru ni kò jẹ́ kí wọn fìdí kalẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ooru dínkù, olúkúlùkù gba àyè tirẹ̀ nínú ètò kan ṣoṣo, àwọn átọ́ọ̀mù tí ó yí wọn ká sì sún díẹ̀ láti gbà wọ́n. Wàyí o, ọ̀kan kò lè fò láìba ètò gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́. Àwọn onímọ̀ jiyàn lórí irú ètò náà fún ohun tí ó ju 70 ọdún lọ. Ní 2012 ni Senn, Wright àti Attfield fi ìtànṣán X-ray hàn pé ẹ̀lẹ́kítírọ́nì wọ̀nyí kì í gbé orí átọ́ọ̀mù kan péré. Wọ́n a máa nà dé orí irin mẹ́ta tí ó tò tẹ̀lé ara wọn.

Ǹjẹ́ a ó ha wí pé ètò a máa dí iná lọ́nà nígbà gbogbo? Ó tì o. Ní 1911, ní Leiden, Heike Kamerlingh Onnes mú mẹ́kúrì tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 269 nísàlẹ̀ òdo, gbogbo ìdènà iná inú rẹ̀ sì pòórá. Ní 1957, Bardeen, Cooper àti Schrieffer ṣàlàyé rẹ̀ pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nì so pọ̀ ní méjì-méjì, gbogbo wọn sì ń rìn bí ẹni kan. Ìdènà kékeré kò lè dá ọ̀kan dúró láìdá gbogbo wọn dúró.

Ètò kan di ògiri, ètò kejì di ọ̀nà. Nítorí náà kò tó kí a bèèrè bóyá ètò wà. Irú ètò tí ó jẹ́ ni kí a bèèrè. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rò pé kìkì irin tí a ó yọ́ ni ó wà nínú òkúta Itakpe. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.