Torí kọ́mọ má sunkún nínú bàálù: Ẹ̀yin ìyá, ẹ yéé fún ọmọ yín lóògùn kó lè sùn!

Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Àfi bíi pé ẹni tó pa òwe yẹn kò wọ bàálù òru rí. Nínú bàálù, tí ọmọ ọdún kan ààbọ̀ bá ní ìyá òun ò ní sùn, kì í ṣe ìyá nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Bàbá tó jókòó níwájú wọn kò ní sùn, àwọn òyìnbó méjì tó wà lẹ́yìn kò ní sùn, Alhaja tó ti fi gèlè bojú kò ní sùn. Gbogbo wọn á wá máa wo ìyá ọmọ bíi pé òun ló kọ́ ọmọ ní ẹkún. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá ń sá fún, òun náà ló sì ń mú wọn ṣe ohun tí kò yẹ kí wọ́n ṣe.

Kí ni wọ́n ń ṣe? Bí ìrìn àjò bá ti ku ọ̀la, wọ́n á yà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, wọ́n á ní kí wọ́n fún àwọn ní Piriton olómi tàbí Phenergan. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ gbé ọmọ lọ sókè òkun, àwọn sì fẹ́ kó sùn fọnfọn títí bàálù yóò fi balẹ̀. Ẹni tó ti lọ rí ló máa ń kọ́ wọn. Á ní, “Ṣíbí kan péré ni mo fún tèmi nígbà yẹn, a ò gbúròó ẹ̀ mọ́ títí a fi dé Heathrow.” Ìyàwó ilé tí kò rìn rí náà á gbà á gbọ́, nítorí pé ọmọ ẹni yẹn ṣì wà láàyè, ó sì ti ń lọ sílé ìwé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwọn èèyàn Ìṣẹrí Olówóra, ní Kòsọ́fẹ́, nílùú Èkó. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ọkọ, ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ tó wà ní London, Houston tàbí Atlanta, bí ìwé bá sì ti jáde, ìyàwó á gbé ọmọ, ó di pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Ìkejà. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Olówóra rárá. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Bẹ́gà nírọ̀lẹ́? Bàálù tó máa gbéra ní aago mọ́kànlá òru, wọ́n fẹ́ kí èrò ti dé ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ìyẹn ni pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ìyá ọmọ á ti kúrò nílé. Kí bàálù tó ṣí ẹsẹ̀ nílẹ̀, ọmọ ti lo wákàtí mẹ́fà nínú mọ́tò, lórí ìlà àti nínú ooru. Ó ti rẹ̀ ẹ́, inú ti ń bí i. Bẹ́ẹ̀, ìrìn àjò gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀. Láti Èkó sí London jẹ́ bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, ti Atlanta sì tó wákàtí méjìlá.

Ibẹ̀ ni ìgò oògùn ti máa ń jáde nínú báàgì. Ohun tó yẹ kí gbogbo ìyá mọ̀ ni pé Piriton àti Phenergan kì í ṣe oògùn tí wọ́n ṣe torí kí ọmọ lè sùn nínú bàálù. Oògùn kátà, ara yíyún àti èébì ni wọ́n. Wọ́n sì máa ń mú kí oorun kun ẹni tó bá lò wọ́n. Ní ọdún 2004, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára promethazine, èyí tó wà nínú Phenergan. Ìkìlọ̀ náà ni pé wọn kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì rárá. Ìdí ni pé ó lè dín èémí ọmọ kù, kí ọmọ má lè mí dáadáa mọ́, kó sì gba ibẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ kan ti gba ibẹ̀ lọ kí wọ́n tó pa àṣẹ yẹn.

Bí èyí bá léwu nínú ilé, ó tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ lókè. Bàálù ń fò ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 35,000 sókè. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀ kí èèyàn lè mí, àmọ́ atẹ́gùn yẹn kò pọ̀ tó ti ilẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé èèyàn wà lórí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000, Òkè Olúmọ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ẹni tí ara ẹ̀ le kì í mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí oògùn ti ń dín èémí ẹ̀ kù ńkọ́? Wọ́n ti pa iná, ìyá ti fi aṣọ bò ó, gbogbo èèyàn ń sùn. Tí èémí ọmọ bá ń kéré sí i, ta ni yóò mọ̀? Wọ́n á rò pé oorun ló ń sùn ni.

Kò tán síbẹ̀ o. Lára ọmọ mìíràn, ìdàkejì ni oògùn yìí máa ń ṣe. Kàkà kó sùn, ojú ẹ̀ á là kedere, á máa ta pàrà, á máa ké, ìyá kò sì ní lè yọ oògùn jáde nínú ẹ̀ mọ́. Ìyà méjì ló fi owó ara ẹ̀ rà yẹn.

Àwa tí a wà ní Nàìjíríà kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009. Oògùn eyín ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí èròjà olóró ti wọ inú ẹ̀, pa ọmọ 84. Kì í ṣe nínú bàálù ló ti ṣẹlẹ̀, ohun tó sì pa wọ́n kì í ṣe oorun. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ra oògùn náà kò ní ohun mìíràn lọ́kàn ju kí ọmọ yéé sunkún lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹkún ló yẹ kéèyàn fi ìgò oògùn dá lóhùn.

Bí àwọn ìyá ṣe ń bẹ̀rù ẹkún, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í bẹ̀rù ohun tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Ìyẹn ni bẹ́líìtì. Ní òru tó mọ́ ọjọ́ 24, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, bàálù United Airlines gbéra láti Èkó, ó ń lọ sí Washington. Èrò 245 ló wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn tó gbéra ló ṣàdédé já wálẹ̀ lójijì, àwọn èèyàn àti àwo oúnjẹ fò sókè. Awakọ̀ yí bàálù padà sí Èkó. Àjọ FAAN tó ń bójú tó àwọn pápákọ̀ òfurufú wa sọ pé èrò mẹ́rin àti òṣìṣẹ́ bàálù méjì ló fara pa yánnayànna, àwọn mìíràn tó lé ní ọgbọ̀n sì fara pa díẹ̀díẹ̀. Bí àgbàlagbà bá lè fò kúrò lórí àga, kí ni ọmọ kílò mọ́kànlá tó ń sùn lórí ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ yóò ṣe?

Èèyàn lè ní, “Màá dì í mú.” Ọwọ́ ìyá kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 19, oṣù keje, ọdún 1989, bàálù kan já sí ìlú Sioux City ní Amẹ́ríkà. Ọmọ mẹ́rin tí kò ní ìjókòó tiwọn ló wà nínú ẹ̀. Torí pé kò sí ohun tí wọ́n lè fi so wọ́n, wọ́n ní kí àwọn òbí gbé wọn sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀, kí wọ́n sì dì wọ́n mú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tí kò tíì pé ọdún méjì, bọ́ mọ́ ìyá ẹ̀ lọ́wọ́, ó sì kú. Ìyá yè é. Jan Brown, tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù lọ́jọ́ náà, ló sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ìwé òfin wọn kọ nìyẹn. Láti ìgbà náà ló ti ń bá ìjọba wọn fà á pé kí wọ́n fún gbogbo ọmọ ní ìjókòó. Ìjọba Amẹ́ríkà kò gbà. Ní ọdún 2005, wọ́n ní bí owó bàálù bá wọ́n jù fún olọ́mọ, mọ́tò ni wọ́n á máa wọ̀, mọ́tò sì ń pa èèyàn ju bàálù lọ.

Títí dòní, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè jókòó lórí ẹsẹ̀ òbí. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbà ni wọ́n sábà máa ń gbà lórí ẹ̀ tó bá ń lọ sókè òkun. Ibẹ̀ sì ni àwọn kan ti máa ń kó sí pàkúté. Ọmọ tó lọ ní oṣù mẹ́tàlélógún, tó wá pé ọdún méjì ní London, gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tiẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, ní pápákọ̀ ni wọ́n á ti sọ fún un, owó ọjọ́ náà kò sì ní rọrùn.

Ẹni tó bá lágbára, kó ra ìjókòó fọ́mọ, kó sì béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù bóyá wọ́n gba àga mọ́tò ọmọ. Bẹ́líìtì pàtàkì kan tún wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn àga fún ọmọ tó bá wọn kílò 10 sí 20. Ẹni tí kò bá lágbára ẹ̀, bẹ́líìtì kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ ti ìyá ni bàálù àwọn ará Britain máa ń fún un. Ní ti Amẹ́ríkà, wọn kò gbà kí wọ́n lò ó nígbà tí bàálù bá ń gbéra tàbí tó bá ń balẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ni kó fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo so ara ẹ̀ àti ọmọ pọ̀. Tí bàálù bá já, gbogbo ìwúwo ìyá ni yóò tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì. Ọ̀já náà ńkọ́? Ọ̀já dára láti fi pọn ọmọ rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àga títí oorun yóò fi gbé e. Àmọ́ bí iná bẹ́líìtì bá ti tàn báyìí, kí ìyá sọ ọ́ kalẹ̀ kíá.

Ó kù, kí ló ń mú ọmọ ké gan-an? Lọ́pọ̀ ìgbà, etí ni. Ihò tóóró kan wà láti imú lọ sínú etí, ti ọmọdé sì kéré gan-an. Tí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta á máa tẹ etí náà mọ́lẹ̀, yóò sì máa dùn ún. Bí ọmọ bá ń gbé nǹkan mì, ihò yẹn á ṣí. Ọyàn, ìgò oúnjẹ, omi tàbí bisikíìtì tó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ni oògùn ẹ̀. Bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí bàálù tó balẹ̀ ni kí wọ́n jí ọmọ, kí wọ́n sì fún un, nítorí ẹni tó ń sùn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé itọ́ mì. Ọmọ tí kátà ń bá jà tàbí tí etí ń dùn, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí i. Wọ́n sábà máa ń gbà kéèyàn gbé omi, mílíìkì àti oúnjẹ ọmọ wọlé kódà bó bá ju ìwọ̀n tí wọ́n gbà fún àgbà lọ, tó bá ṣáà ti mọ níwọ̀n.

Ohun tó kù, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Kí ọmọ sùn dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bó bá dé pápákọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó sáré dáadáa, kí wọ́n má gbé e sórí ẹsẹ̀ títí. Kí wọ́n wọ aṣọ tó fi ń sùn nílé fún un, kí wọ́n sì mú aṣọ ìbora tó mọ òórùn ẹ̀ dání. Àkàrà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó mọ̀ sàn ju oúnjẹ òyìnbó tí kò rí rí. Kí wọ́n di ẹ̀wù méjì fún ọmọ, kí ìyá náà di ọ̀kan fún ara ẹ̀, torí èébì kò mọ aṣọ olówó. Bí bàbá ọmọ bá wà níbẹ̀, kí òun náà gbé e. Bàbá tó fi nǹkan dí etí tó ń wo fíìmù láti Èkó dé London kò ṣe dáadáa.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ọmọ ṣì lè sunkún. Kó sun ún. Wákàtí mẹ́fà ni, yóò tán. Àwọn tó ń wo ìyá ọmọ láìdáa, wọn kò ní mọ orúkọ ẹ̀ bí wọ́n bá ti gbé ẹrù wọn kúrò. Ẹni tó bá sì ń bínú nínú wọn, kó rántí pé ẹnì kan gbé òun náà rí nígbà tí òun kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kó bá ìyá ọmọ gbé báàgì, kó ní, “Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o.” Ẹkún kì í pa ọmọ. Ṣíbí oògùn kan lè pa á.