Òpó Kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà, Àmì Kan Náà Fún Gbogbo Awakọ̀ Bàálù

Ẹni tó bá gba Ṣàngó-Ọ̀tà kọjá lálẹ́ yóò rí iná pupa lórí àwọn òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó yọrí sókè láàárín ilé iṣẹ́. Awakọ̀ bàálù ni wọ́n tan iná náà fún. Pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà kò jìnnà sí Ọ̀tà, àwọn tó sì ń wá balẹ̀ síbẹ̀ láti Accra tàbí Lọ́ńdọ̀nù lè má mọ Ọ̀tà yàtọ̀ sí Agége. Máàpù òfuurufú ló ń sọ ibi tí òpó wà fún wọn.

Lórí máàpù náà, ìlà méjì tó forí kanra bí òrùlé ṣóńṣó, pẹ̀lú àmì tóótó nísàlẹ̀ rẹ̀, ló dúró fún ohun gíga tó lè dínà. Bí iná bá wà lórí rẹ̀, wọ́n á fa ìtànṣán kéékèèké yí ṣóńṣó náà ká. Nọ́ńbà méjì tún máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ká ní ilẹ̀ fi 200 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ, tí òpó fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 250: wọn á kọ 450, wọn á sì fi 250 sínú àkámọ́.

Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Chicago lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1944 ló bí ICAO, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà òfuurufú káàkiri ayé. Àfikún Kẹrin àdéhùn náà, tó jáde ní 1948, ló to àwọn àmì yìí lẹ́sẹẹsẹ. Nàìjíríà wọ àjọ náà ní 1960. Ẹ gba Ọ̀tà lọ sí Ìdìrókò, ẹ sọdá sí Benin: ASECNA ló ń bójú tó ojú òfuurufú ibẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n sì ń kọ, síbẹ̀ àmì òpó kò yí padà.

Àyè wà fún ìyàtọ̀ ṣá, bí orílẹ̀-èdè bá ti kéde rẹ̀ fún àwọn yòókù. Ní Amẹ́ríkà, búlúù ni wọ́n fi ń ya pápákọ̀ tó ní ilé ìṣọ́ tó ń darí bàálù. Èyí tí kò ní in, àwọ̀ elésè àlùkò ni tirẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kéde ló ń pànìyàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1995, bàálù American Airlines kan ń lọ sí Cali ní Kòlóńbíà lóru. Lórí máàpù, lẹ́tà R ni àmì ìdánimọ̀ òpó atọ́nà Rozo. Àwọn awakọ̀ tẹ R sínú kọ̀ǹpútà bàálù, àmọ́ òpó atọ́nà mìíràn, Romeo tó wà nítòsí Bogotá, ni kọ̀ǹpútà mọ̀ sí R. Bàálù yà kúrò lọ́nà, ó lọ kọlu òkè, ènìyàn 159 sì kú. Àṣìṣe mìíràn wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n máàpù àti ẹ̀rọ tí kò sọ ohun kan náà wà lára ohun tó fà á.

Nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ òpó Ọ̀tà ṣe ń jẹ mí lógún. Ẹni tó fẹ́ gbé òpó gíga ró gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń ṣòfin ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà; àjọ NAMA ló sì ń tẹ ìsọfúnni òfuurufú Nàìjíríà jáde. Ọjọ́ 28 síra wọn ni gbogbo ayé fi àwọn ọjọ́ tí àtúnṣe máàpù ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sí. Òpó tí onílé iṣẹ́ gbé ró láìsọ fún ẹnikẹ́ni kò ní sí nínú àtúnṣe kankan, ẹni tó ń bọ̀ láti Accra kò sì ní ọ̀nà tó lè gbà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.